Sí Morẹ́nikẹ́, Lórí Èéfín Ọkọ̀ Tó Rà Lọ́wọ́ Díkínì

Rowlett, Texas
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán

Rẹ́nikẹ́ ọmọ mi, Àjọkẹ́,

N kò ní kí ọ pẹ́. Mo mọ̀ pé ara rẹ le, nítorí o fi àwòrán oúnjẹ alẹ́ àná ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ, oúnjẹ náà sì pọ̀ ju ti aláìsàn lọ.

Ní ilé ẹ̀kọ́ òwò, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wa ni pé kí a sọ àbájáde ná, kí àlàyé tẹ̀lé e. Àbájáde rèé: kátálíìsì ọkọ̀ rẹ kò kú. Kò tilẹ̀ ṣàìsàn. Àwọn tó sọ fún ọ ní Denton pé ó ti kú, nọ́ńbà lásán ni wọ́n kà lójú ẹ̀rọ. Wọn kò tẹ́tí sí ọkọ̀ náà, wọn kò sì wo abẹ́ rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló kù: kí ó yege àyẹ̀wò èéfín. Ọ̀la ni mò ń gbé e lọ. Ìwé ọkọ̀ rẹ parí ní ọ̀túnla, wọn kò sì ní sọ ọ́ dọ̀tun láìsí àyẹ̀wò yẹn. Iṣẹ́ rẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, agogo mẹ́fà àárọ̀, ní Lewisville. Kò sí bọ́ọ̀sì tó máa gbé ọ láti apátímẹ́ǹtì rẹ ní Denton dé ibẹ̀ ní irú àkókò yẹn, èmi náà sì gbọ́dọ̀ gba ọkọ̀ mi padà. Wọ́n ti sọ fún ọ pé bí o kò bá yọjú lọ́jọ́ Ajé, ẹni tó tẹ̀lé ọ ni wọn yóò pè. Mo mọ gbogbo rẹ̀. N kò tíì gbàgbé pé o pè mí ní ọjọ́ Àìkú, tí o sọ ọ́ ní òyìnbó bí ìṣe rẹ, pé bóyá kí o kúkú jẹ́ kí iṣẹ́ náà lọ.

Kí iṣẹ́ wo lọ? Ọdún mẹ́rin lo fi kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú ẹni tí èémí rẹ̀ kò já gaara. Ọkọ̀ tí èémí tirẹ̀ náà há díẹ̀ kò ní gba iṣẹ́ yẹn mọ́ ọ lọ́wọ́. Kì í ṣe lójú ayé èmi ìyá rẹ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gba kọ́kọ́rọ́ rẹ, tí mo fún ọ ní tèmi. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo rí láàárín ọ̀sẹ̀ yìí fún ọ, àti àwọn àṣìṣe tí mo ti ṣe rí nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ, kí o má baà tún wọn ṣe. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo máa kọ ọ́. Tọ́jú lẹ́tà yìí.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí kátálíìsì jẹ́, nítorí o ń pe orúkọ rẹ̀ bí ẹni tó ti bá a pàdé rí. Àpótí irin kan ni, ó wà lábẹ́ ọkọ̀, láàárín ẹ́ńjìnnì àti páìpù ẹ̀yìn. Inú rẹ̀ rí bí afárá oyin. Èéfín burúkú ń gba inú àwọn ihò wẹ́wẹ́ yẹn kọjá, májèlé inú rẹ̀ á sì dínkù kó tó jáde. Sẹ́ńsọ̀ méjì ló ń ṣọ́ ọ, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, àwọn méjèèjì sì ń ròyìn fún kọ̀mpútà ọkọ̀. Bí ìròyìn ẹ̀yìn bá ti ń jọ ti iwájú, kọ̀mpútà á ní kátálíìsì kò ṣiṣẹ́ mọ́, á sì tan iná ẹ́ńjìnnì síwájú rẹ. Ṣùgbọ́n kọ̀mpútà kò lójú. Bí páìpù bá jò nítòsí ibẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ìta ráyè wọlé, ìròyìn á dàrú, wọn á sì dá kátálíìsì aláìmọwọ́mẹsẹ̀ lẹ́bi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ gan-an nìyẹn.

Ó yá, ìmọ̀ràn.

Ìkíní. Má jẹ́rìí kí o tó wádìí.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Dallas, tí mo ṣì ń kàwé, mo ní ọkọ̀ kékeré kan tí àwọn ilẹ̀kùn rẹ̀ kò bá ara wọn mu láwọ̀. Iná ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tàn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n máa ń kì bọ ihò abẹ́ sítíárì láti fi ka àṣìṣe ọkọ̀. Ó kì í bọ̀ ọ́, ó tẹ bọ́tìnì kan, iná kú. Kò ka ohun tí ẹ̀rọ náà sọ, èmi náà kò sì bi í. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, mo jáde síwájú ìjọ.

“Ẹ bá mi yin Olúwa! Iná tó ń yọ mí lẹ́nu lójú ọkọ̀ mi, Olúwa ti pa á!”

“Halelúyà!”

Mo jó padà sí ìjókòó mi. Ìsìn parí, mo wakọ̀ jáde, n kò tíì dé fíríwè, ọ̀nà márosẹ̀ wa, tí iná fi tàn padà. Obìnrin tí mo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ wò ó, ó wò mí, ó ní, “Arábìnrin, ṣé èyí tí Olúwa pa nìyẹn, àbí èkejì rẹ̀ ni?”

Ìyẹn ò tiẹ̀ kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ọjọ́ àyẹ̀wò pé, mo tún pa iná náà ní ìta ibẹ̀ gan-an, mo sì wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín. Ọkùnrin náà wo ẹ̀rọ rẹ̀, ó mi orí. “Màdáámù, kọ̀mpútà ọkọ̀ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun ni. Kò tíì mọ nǹkan kan nípa ara rẹ̀. Ẹ lọ wà á káàkiri fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ padà wá.”

Gbọ́ ohun tí mo rí kọ́. Bí o bá ti pa àṣìṣe rẹ́, kọ̀mpútà á gbàgbé gbogbo ohun tó mọ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ara rẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Títí tó fi máa parí, àwọn aláyẹ̀wò kò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ. Nítorí náà, ka nọ́ńbà àṣìṣe náà, kọ ọ́ sílẹ̀, wá ìdí rẹ̀, tún un ṣe, kí o tó pa á rẹ́. Má yí ètò yẹn padà.

Ìkejì. Ìṣe ilé kì í ṣe òfin níbi gbogbo.

Ọkọ̀ kan náà ni. Nígbà tí mo wá gbà láti ka nọ́ńbà rẹ̀, kátálíìsì ló dárúkọ. Kí ni ọlọ́gbọ́n inú mi ṣe? Mo rántí mẹkáníìkì bàbá mi ní Ìbàdàn. Ọkùnrin yẹn yọ kátálíìsì ọkọ̀ wa sílẹ̀, ó ki ọ̀pá irin bọ̀ ọ́, ó gún gbogbo inú rẹ̀ dànù, ó dá òfìfo rẹ̀ padà, ọkọ̀ sì ń sáré bí ẹtu. Gbogbo àdúgbò ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbé ọkọ̀ mi tọ ọmọ ilé wa kan lọ tó ń tún ọkọ̀ ṣe lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Garland.

“Ẹ bá mi gún inú ẹ̀ dànù.”

“Màdáámù, ibí kì í ṣe Ìbàdàn o. Òfin ò gbà á.”

“Ẹ bá mi ṣe é jàre. Ta ló ń wo abẹ́ ọkọ̀?”

Ó kọ̀. Mo bínú kúrò níbẹ̀, mo wá ẹlòmíì tí ìwà rẹ̀ jọ tèmi, ó sì gún un. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti ń bọ̀ nílé, gbogbo apátímẹ́ǹtì ló ń mọ̀. Ọkọ̀ náà ń bú bíi kìnnìún tí ebi ń pa. Ní ọjọ́ àyẹ̀wò, n kò tíì pa ẹ́ńjìnnì tí ọkùnrin aláyẹ̀wò fi sọ pé kí n má wulẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Mo ra kátálíìsì tuntun, èyí tí ǹ bá ti rà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ṣé o rò pé ó parí síbẹ̀? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọdún kò yípo tí èyí tuntun náà fi kú. Ẹ́ńjìnnì ló ń mu ọ́ìlì. Ọ́ìlì tó ń jó ni ó dí gbogbo ihò inú àpótí náà. Mo ti ń rí èéfín búlúù lẹ́yìn ọkọ̀ láàárọ̀, mo kàn ń pè é ní ìkùukùu. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn, mo sì gba owó ilé ẹ̀kọ́ lọ sanwó làpálàpá. Kátálíìsì kì í déédéé kú fúnra rẹ̀. Ohun mìíràn ló sábà máa ń pa á. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ fún ọ, bi í léèrè ohun tó pa ti àkọ́kọ́. Bí kò bá ní èsì, gba kọ́kọ́rọ́ rẹ.

Èyí ló mú mi dé orí èéfín fúnra rẹ̀. Àwọn baba wa ní èéfín nìwà, rírú ní í rú. Ọkọ̀ kò lè fi tirẹ̀ pamọ́ fún ọ. Búlúù ni ọ́ìlì tó ń jó. Dúdú ni epo tó pọ̀ jù. Funfun tó nípọn, tó ń rùn dídùndídùn, tí kò sì lọ lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti gbóná, omi ẹ́ńjìnnì ló ń wọ ibi tí kò yẹ. Funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní àárọ̀ òtútù, tí ó pòórá lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, ìrì lásán ni, má pè mí lórí ìyẹn. Èéfín tó bá ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, kátálíìsì ló ń ráhùn, tàbí epo tí kò dára. Bí ọkọ̀ bá ń ṣe bí ẹni tí wọ́n di imú rẹ̀, tí o tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́ fíríwè tí kò fẹ́ lọ, inú àpótí náà lè ti dí. Bí o bá fi ọwọ́ gbá a nígbà tó tutù, tí o gbọ́ wọ́rọ́wọ́rọ́ bí òkúta nínú agolo, afárá inú rẹ̀ ti fọ́. Bí o bá sì tan ọkọ̀ lọ́jọ́ kan tó kàn bú ramúramù lójijì, wo abẹ́ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí olè ti gé e lọ. Ọkọ̀ rẹ kò ní ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Ibẹ̀ ni mo ti fura.

Ìkẹta. Ọ̀wọ̀ kò ní kí o má béèrè.

Mo ń bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ Bàbá Díkínì. Bàbá dáadáa ni, ọkọ̀ dáadáa ló sì tà fún ọ. Ṣùgbọ́n o sọ fún mi fúnra rẹ pé nígbà tí o dé ilé wọn, ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́, bọ́nẹ́ẹ̀tì ti gbóná, o sì rò ó lọ́kàn pé kí o ní kí wọ́n pa á, kí o padà wá nígbà tó bá tutù. O kò sọ ọ́. O kúnlẹ̀, o dúpẹ́, o gba kọ́kọ́rọ́. Àwa nìkan la máa ń ra ọkọ̀ lórí ìkúnlẹ̀!

Ọjọ́ Ajé tó kọjá, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo ní kí bàbá rẹ jókòó sínú ọkọ̀, èmi dúró síwájú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ọkọ̀ ti sùn ní ìta láti alẹ́, ó tutù nini.

“Tan án.”

Ó tan án. Mo gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀: kẹ́-kẹ́-kẹ́-kẹ́, kíákíákíá, láti ìsàlẹ̀. Mo ń ka ìṣẹ́jú. Bó ṣe ń gbóná ni ohùn náà ń rẹlẹ̀, títí tí kò fi sí mọ́. Irin tó gbóná máa ń wú, á sì dí ihò kékeré fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá wo ọkọ̀ yìí lẹ́yìn ìyẹn kò ní gbọ́ nǹkan kan. Mo gbé fóònù.

“Ẹ káàárọ̀ sà, Bàbá Díkínì.”

“Ìyá Rẹ́nikẹ́! Ọkọ̀ wa ńkọ́?”

“Òun ni mo torí ẹ̀ pè, sà. Ẹ má bínú. Lọ́jọ́ tí Rẹ́nikẹ́ wá, ṣé ẹ ti tan án kó tó dé?”

“Mo máa ń tan án sílẹ̀ de àlejò. Ó máa ń dún kẹ́-kẹ́ láàárọ̀, mo sì rò pé ọjọ́ orí ni. Èmi náà, tí mo bá jí, orúnkún mi ń dún kẹ́.”

“Orúnkún yín kò ní ìwé tó ń parí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, sà.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ohun tó dùn mọ́ mi jù lọ: “Ká ní ó bi mí ni, ǹ bá sọ fún un.” Ṣé o gbọ́? Wọn kò fi pamọ́ fún ọ. Wọ́n ṣe ọkọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ de àlejò, ìwọ náà sì ṣe àlejò tó mọ̀wà hù. Láàárín ìwà méjèèjì ni bóòtì abẹ́ ọkọ̀ kan tó ti ṣẹ́ fara pamọ́ sí. Nígbà mìíràn, kúnlẹ̀ dáadáa, kí o wá sọ lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tan án títí màá fi dé.” Kò sí àgbà tó máa bínú sí ọ. Bí ó bá bínú, má ra ọkọ̀ rẹ̀.

Mo dé láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, mo jẹ́ kí ọkọ̀ tutù pátápátá, mo wà á gun pèpéle onírin méjì, mo fi bíríkì dí àwọn táyà ẹ̀yìn. (Gbọ́ mi dáadáa: o kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Kò sí ọkọ̀ tó tó bẹ́ẹ̀.) Mo gbé ẹ̀rọ tí bàbá rẹ fi ń fa ìdọ̀tí gáréèjì, mo yí ọ̀pá rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ jáde, mo kì í bọ páìpù ẹ̀yìn, mo fi àkísà dí etí rẹ̀. Bàbá rẹ jáde wá.

“Ìyá Rẹ́nikẹ́, ṣé inú ẹ́ńjìnnì lo fẹ́ gbá ni?”

“Bá mi tẹ bọ́tìnì yẹn.”

“Tí ó bá bàjẹ́ ńkọ́?”

“Èwo nínú méjèèjì?”

Ó tẹ̀ ẹ́. Mo wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú ìgò omi ọṣẹ, mo ń fọ́n ọn sí gbogbo oríkèé páìpù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti àkọ́kọ́, kò sí nǹkan. Ti èkejì, ibi tí páìpù iwájú ti pàdé kátálíìsì, ọṣẹ náà hó yẹ̀ẹ̀, bí ẹni ń fọ aṣọ ọmọ tuntun. Mo tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn bóòtì onísípíríǹgì méjì tó so wọ́n pọ̀ ti jẹ ìpatà, ó ti ṣẹ́, orí rẹ̀ ti lọ. Ojú ibẹ̀ dúdú fún èéfín. Mo kígbe lábẹ́ ọkọ̀, bàbá rẹ rò pé nǹkan já lù mí.

“Mo rí i! Mo rí i! Bóòtì lásán-làsàn!”

Aládùúgbò wa yọjú láti òdìkejì ọ̀nà. Mo júwọ́ sí i pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́.

Ìkẹrin nìyí, ọwọ́ rẹ ló sì wà: má bo iná. Nígbà tí mo wọ ọkọ̀ yìí ní ọjọ́ Àìkú, mo bá ìwé yẹ́lò kékeré kan tí o lẹ̀ mọ́ ojú dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo ṣí i. Iná ẹ́ńjìnnì ló wà lábẹ́ rẹ̀. Morẹ́nikẹ́! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìwé yẹn fi wà níbẹ̀, ìwọ lo sọ fún àbúrò rẹ. Ọkọ̀ ń ké pè ọ́, o fi ìwé dí i lẹ́nu. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ká ní o pè mí ní ọjọ́ tó tàn, a kì bá máa sá eré ọjọ́ márùn-ún yìí. Iná tó dúró lójú kan, ọ̀sẹ̀ yẹn ni kí o wá ìdí rẹ̀. Iná tó bá ń ṣẹ́jú pàkàpàkà ńkọ́? Kúrò lójú ọ̀nà lójú ẹsẹ̀, pa ẹ́ńjìnnì. Epo tí kò jóná ń wọ inú kátálíìsì nìyẹn, ó lè bà á jẹ́ kí o tó délé.

Ọ̀kan sì wà tí n kò ní fi ṣeré. Èéfín tó ń jò lábẹ́ ọkọ̀ lè wọ inú ọkọ̀. Èyí tó burú jù nínú rẹ̀ kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Bí orí bá ń fọ́ ọ nínú ọkọ̀ tí ó sì ń sàn nígbà tí o bá sọ̀ kalẹ̀, má wà á mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé orí ìrìn ni o ti mọ̀ ọ́n, ṣí gbogbo fèrèsé, dúró níbi tó bá kọ́kọ́ yọ, jáde, pè mí. O kò sì gbọdọ̀ tan ọkọ̀ sílẹ̀ nínú gáréèjì, kódà bí ilẹ̀kùn bá ṣí. Ìwọ ni oníṣègùn èémí, ìwọ ló yẹ kó máa kọ́ mi ní èyí.

Ó kù díẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbé ọkọ̀ lọ bá Lásún ní Garland. Òun ni ọmọ ilé wa tó kọ̀ láti gún kátálíìsì mi nígbà yẹn. Òun ló ń bá mi tún àwọn ọkọ̀ tí mò ń ṣètò fún gbígbé àwọn aláìsàn ṣe báyìí. Ẹni tó bá lè sọ “rárá” fún ọ nígbà tí owó wà lọ́wọ́ rẹ, má jẹ́ kó sọnù. Ìkarùn-ún nìyẹn, bí o bá ń kà á.

“Ta ló ní kátálíìsì ló kú?” Lásún ló bi mí.

“Àwọn kan ní Denton.”

“Ta ló wá rí i pé bóòtì ni?”

“Èmi ni.”

Ó na ọrùn wò mí. “Ẹ̀yin? Màámi, ẹ ti fẹ́ gba iṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.”

“Mo ní iṣẹ́ tèmi. Aago mélòó lo máa parí?”

“Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo bí ìpatà yẹn ṣe…”

“Aago mélòó, Lásún?”

“Aago méjì.”

“Màá ti wà níbí ní agogo méjì ku ìṣẹ́jú márùn-ún.”

Gáskẹ́ẹ̀tì tuntun tó ń dí oríkèé páìpù, bóòtì méjì, sípíríǹgì méjì. Ó parí. Lẹ́yìn náà ló so kọ̀mpútà rẹ̀ mọ́ ọkọ̀, ó fi ìlà àwọn sẹ́ńsọ̀ méjèèjì hàn mí lójú tẹlifísàn kékeré rẹ̀. Ti iwájú ń lọ sókè sódò. Ti ẹ̀yìn dúró sójú kan, kò yẹsẹ̀. “Ẹ wò ó,” ó ní. “Ọ̀kan ń jó, ọ̀kan ń wòran. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Kátálíìsì yìí ṣì lè sin yín dọ́jọ́ pípẹ́.” Ìgbà yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ pa àṣìṣe náà rẹ́, nígbà tí èmi àti òun ti mọ̀ pé ó ti tọ́.

Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ti ń wà á kí kọ̀mpútà lè parí àyẹ̀wò ara rẹ̀. Kò ṣeé kánjú, ìyẹn ló sì ń dùn mí. Ohun tí mo ṣe rèé: n kò jẹ́ kí gáàsì, ìyẹn epo, kún àkúnya, n kò sì jẹ́ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo jẹ́ kó tutù mọ́jú lójoojúmọ́. Mo wà á nínú ìlú, mo sì gbé e sí fíríwè ní eré kan náà láìtẹ bíréèkì títí mo fi dé ìsọdá adágún. Àwọn ọkọ̀ ńlá ń fọn fèrè sí mi. Kí wọ́n fọn. Ní ọ̀sán yìí, mo ki ẹ̀rọ bọ̀ ọ́, gbogbo àyẹ̀wò ti parí àfi ẹyọ kan. Òun gan-an ni ti kátálíìsì. Wọ́n máa ń gbójú fo ẹyọ kan fún irú ọkọ̀ rẹ, àmọ́ n kò fẹ́ kí wọ́n gbójú fo nǹkan kan. Mo fẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Mo dá bíírò dúró ná. Mo tún ń gbé e jáde.

Ọjọ́ Ẹtì, agogo mọ́kànlá àárọ̀

Rẹ́nikẹ́!

Nígbà tí mo jí, mo wà á lọ sí Lewisville, mo wà á bọ̀, ní agogo tí ìwọ náà yóò máa lọ síbi iṣẹ́, kí n lè mọ bí ọ̀nà ṣe ń rí. Mo dúró síwájú ilé àyẹ̀wò, mo ki ẹ̀rọ bọ̀ ọ́ fún ìgbà ìkẹyìn. Kò sí ẹyọ kankan tó kù. Èmi tí mo ń dojú kọ awakọ̀ mẹ́wàá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo tún un kà lẹ́ẹ̀mẹ́ta nítorí àmì kékeré kan.

Ọkùnrin àgbà kan tó dé fìlà ló gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Ó so okùn rẹ̀. Ó dúró. Mo dúró. Ó ń wo ojú ẹ̀rọ bí ẹni tó ń ka lẹ́tà ìfẹ́, kò kánjú rárá. Mo fẹ́ fọwọ́ tì í.

“Ṣé ó ti parí?”

“Màdáámù, ẹ jókòó.”

“N kò fẹ́ jókòó. Ṣé ó yege?”

Ó fa ìwé náà ya lẹ́nu ẹ̀rọ, ó nà án sí mi. “Ó yege. Ó mọ́ ju ọkọ̀ tèmi lọ. Ta ló bá yín tún un ṣe?”

“Èmi àti omi ọṣẹ.”

Ó rò pé mò ń ṣàwàdà. Mo gba ìwé mi, mo kígbe ayọ̀ tí gbogbo àwọn tó jókòó síbẹ̀ fi dìde, arákùnrin kan tiẹ̀ pàtẹ́wọ́ láìmọ ohun tó ń pàtẹ́wọ́ fún. Mo jókòó sínú ọkọ̀, mo sọ ìwé ọkọ̀ rẹ dọ̀tun lórí fóònù mi kí n tó fi í sí jíà. Mo ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí bàbá rẹ. Ó kọ̀wé padà pé òun kò ní fi ẹ̀rọ ìfagbálẹ̀ òun yá ẹnikẹ́ni mọ́.

A ṣẹ́gun, ọmọ mi. Kì í ṣe nípa oríire, kì í sì í ṣe nítorí pé a lówó. A tẹ́tí sílẹ̀, a béèrè, a wo abẹ́ rẹ̀, a sì ṣe é ní ọjọ́ tó yẹ ká ṣe é.

Màá gbé ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ọ̀la. Jẹ́ kí tèmi ti wà ní ìta, kó mọ́, kí gáàsì sì wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ Ajé, tan ọkọ̀ rẹ ní agogo márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú. Pa rédíò. Gbọ́ ọ. Kò ní sí kẹ́-kẹ́ kankan, ṣùgbọ́n kí etí rẹ mọ bí ìlera ṣe ń dún, kí o lè mọ àìsàn nígbà tó bá dé. Èyí tó bá kàn, ìwọ ni yóò wọ abẹ́ ọkọ̀, èmi á gbé àga kalẹ̀, màá máa pàṣẹ.

Ní agogo mẹ́fà, ẹnìkan tí èmi àti ìwọ kò mọ̀ máa wà lórí ibùsùn ní Lewisville, tí yóò máa fi gbogbo agbára rẹ̀ wá afẹ́fẹ́. Orúkọ rẹ ni wọ́n ti kọ síwájú orúkọ ẹni yẹn.

Má pẹ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, tí ìpatà ọkọ̀ rẹ ṣì wà léèékánná rẹ̀